Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Orin

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníwáyà kì í kun èékánná, ṣùgbọ́n kútẹ́ẹ̀sì pupa kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi tún rédíò àti ẹ̀rọ orin ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé, kò sì sí ẹrù oníbàárà tó jáde níbẹ̀ rí láìjẹ́ pé bàbá kán ọ̀dà pupa bíńtín sórí síkúrù kọ̀ọ̀kan tó fi dè é. Bí oníbàárà bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tó ń pariwo pé iṣẹ́ náà ò dáa, bàbá á kàn yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ọ̀dà náà bá wà bó ṣe wà, ẹ̀bi bàbá ni, á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá ti fọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀, ẹjọ́ parí. Nígbà tí ọwọ́ bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àga rẹ̀, ó gba irin tí wọ́n fi ń jó òjé mọ́ wáyà, ó sì gba ìgò kútẹ́ẹ̀sì.

Ojú bàbá náà ló sìn ín dé ọ̀dọ̀ Oníjígí.

Ṣọ́ọ̀bù jígí ojú náà mọ́ tónítóní. Ọkùnrin tó ni ín jókòó síwájú bàbá, ó ń pààrọ̀ jígí lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá èyí dáa ju tìṣáájú lọ. Oníwáyà fẹ́ farabalẹ̀ bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n rédíò kan wà lórí pẹpẹ tó ń kùn bí oyin. Ó fara dà á títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò gbọ́ bí rédíò yín ṣe ń kùn ni?”

“Mo gbọ́,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Mo rò pé ẹni tó ń ka ìròyìn ni ara rẹ̀ ò yá.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Oníwáyà kó tó mọ̀. Ó yọ sukudiráfà nínú àpò, ó tú ẹ̀yìn rédíò náà, ó rí wáyà kan tó ti yọ, ó sì dè é padà. Ìkùn náà dákẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà parí ti bàbá, ó ní kí ọmọ náà jókòó kí òun wo ojú tirẹ̀. Oníwáyà ní ojú òun ò ṣe nǹkan kan.

“Mo mọ̀,” ni Oníjígí wí. “Mo kàn fẹ́ wò ó ni.”

Bàbá wúkọ́. Kò ríran dáadáa nígbà náà, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹrù Oníjígí ti ń bàjẹ́ léraléra. Lónìí fáànù, lọ́la aago ara ògiri. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé fìtílà oníná wá, Oníwáyà sì tú u, ó rí i pé wáyà inú rẹ̀ kò já fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló fi àlùmọ́gàjí gé e, ó tiẹ̀ gé e tọ́ bí ẹni tó ń gé jígí.

“Ẹ gbọ́,” ó wí, “tí ẹ bá fẹ́ rí mi, ẹ máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Wáyà wọ́n.”

Ó dé lọ́jọ́ kejì lọ́wọ́ òfo. Ó dé lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kejì ní “ẹ” mọ́, bàbá sì ti mọ ìgbà tó yẹ kó dìde lọ ra ìwé ìròyìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníjígí gbé nǹkan kan tí wọ́n wé sínú aṣọ wá. Jígí ńlá kan ni, irú èyí tó ń sọ nǹkan bíńtín di ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́, ó sì gbé e lé orí irin kan tó ṣeé tẹ̀ síbikíbi, kí Oníwáyà lè máa fi rí ojú wáyà tó tinrín ju irun orí lọ. Àwọn ọkùnrin ti ra lọ́fínńdà fún Oníwáyà rí, wọ́n ti ra bàtà. Kò sí èyí tó ra nǹkan fún iṣẹ́ rẹ̀ rí. Iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Oníjígí ní ìyá.

Alágbàfọ̀ ni Màmá. Aṣọ onílé àti àlejò ló fọ̀, tó lọ̀, tó fi tọ́ ọmọkùnrin méjì lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Àkọ́bí ti lọ ń gbé ní òkè òkun, àbígbẹ̀yìn di Oníjígí, Màmá sì wà nílé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Kékeré. Kò sí ohun tí Màmá kórìíra tó kí iná máa jó lásán. Yàrá tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti pa iná ibẹ̀. Wọ́n ní ó ti pa iná mọ́ àlejò lórí rí nítorí pé àlejò náà dákẹ́ jù.

Màmá kò fẹ́ ọ̀rọ̀ Oníwáyà rárá. Ó ní òun ò fi ooru áyọ́ọ̀nù jẹ ara òun tó báyìí kí ọmọ òun wá fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí òjé. Bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ wọlé òun, kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá iṣẹ́ tó mọ́ ṣe. Ìyá Kékeré ni wọ́n rán. Obìnrin náà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kíkorò a sì máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò kọ Oníwáyà o, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kọ̀.

“Ìyá Kékeré,” ni Oníwáyà dá a lóhùn, “èmi àti iṣẹ́ mi, ẹnu ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà wọlé. Tí wọn ò bá ṣí i fún un, wọn ò ṣí i fún mi nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ìgbà yẹn ni àkọ́bí ní kí Màmá wá kí òun lókè òkun.

Oṣù méjì ni Màmá lò níbẹ̀. Ó wọ ilé ìtajà kan, ó gbọ́ bí ẹ̀rọ orin kan ṣe ń dún láìkùn rárá, tí ohùn akọrin mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ló bá dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Láti ọdún gbọọrọ, rédíò kékeré tó ń họ ni ó fi ń lọ aṣọ. Ó ní òun náà máa fi etí òun gbádùn kí òun tó kú. Ó rà á. Ọkùnrin méjì ló gbé páálí rẹ̀ wọlé nígbà tó dé, ẹ̀rọ náà láàárín, sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí ènìyàn.

Oníjígí bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má tíì ki wáyà rẹ̀ bọ iná, kó jẹ́ kí Oníwáyà wò ó. Màmá ní wíwò kí ni? Ní ilé ìtajà, wọ́n kàn ki wáyà rẹ̀ bọ iná ni, ó sì kọrin. Ṣùgbọ́n ọmọ bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní kó wá.

Báyìí ni Oníwáyà ṣe kọ́kọ́ wọ pálọ̀ náà, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ lọ́gán. Ó ṣàlàyé pé iná ìlú tí Màmá ti ń bọ̀ kò lágbára tó ti ìhín. Tibẹ̀, àádọ́fà ni wọ́n ń kà á, 110. Tiwa, igba lé ogún, 220. Bí wọ́n bá ki ẹ̀rọ ibẹ̀ bọ iná ìhín lásán, á dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ife tíì sábẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí dé òpin. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe èyí gbọ́n, wọ́n fi súìṣì kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀ tó ṣeé yí sí iná méjèèjì. Ó fi sukudiráfà yí i láti 110 sí 220, ó pààrọ̀ orí wáyà kó lè wọ ihò iná ilé náà, ó kán kútẹ́ẹ̀sì sórí súìṣì, ó sì tan ẹ̀rọ. Ohùn obìnrin kan kún pálọ̀. Màmá jókòó láìmọ ìgbà tó jókòó.

“Kí ni pupa yẹn?” ó bi í nígbà tí orin parí.

“Èdìdì wa ni, Màmá. Tí ọwọ́ mìíràn bá dé ibẹ̀, màá mọ̀.”

“Èékánná ẹ ò rí ọ̀dà kùn, ẹ̀rọ ló rí.” Àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà díẹ̀, ó ka nọ́ńbà méjèèjì lábẹ́ mímí. Oníwáyà rí i. Ó yẹ kó tún àlàyé náà ṣe, kó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn jù, Oníjígí sì ń rẹ́rìn-ín sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, orin kò dá nílé Màmá. Ó wá ní kí Oníwáyà àti bàbá rẹ̀ wá ní ọ̀sán Sátidé kí ìdílé méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Ìyá Kékeré ló gbé ìròyìn náà wá, ó ń yọ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Bàbá wọ jígí tuntun rẹ̀. Wọ́n bá aládùúgbò méjì àti ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Màmá nínú pálọ̀, tíì wà nílẹ̀, bísíkíìtì wà nílẹ̀. Màmá dìde, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Nǹkan dún pòó nínú ẹ̀rọ náà. Èéfín gba ojú ihò rẹ̀ jáde, òórùn ike tó ń jó gba pálọ̀, ife kan já lọ́wọ́ aládùúgbò. Oníjígí sáré fa wáyà yọ nínú ògiri.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mo sọ ọ́. Mo ní kí ọmọ yìí má fọwọ́ kàn án. Ní ibi tí mo ti rà á, kò sẹ́ni tó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń kọrin. Ọwọ́ ẹ ló bà á jẹ́.”

Bàbá rẹ̀ dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní rárá, ọwọ́ ìdílé wọn ti ṣe èyí tó lè ṣe. Ó fa aṣọ tábìlì, ó fi bo ẹ̀rọ náà bí òkú, ó sì dúró síwájú rẹ̀. Bàbá àti ọmọ jáde lójú àwọn àlejò, tíì wọn ò tíì tutù.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Kékeré dé orí bẹ́ǹṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Kí Oníwáyà wá kúnlẹ̀ níwájú Màmá, kó ní, “Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni.” Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Màmá á dárí jì í, wọ́n á mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Yóò ti ṣọ́ọ̀bù o, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ yẹ̀, nítorí pé gbogbo ayé ti rí i báyìí pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti obìnrin.

“Ọ̀rọ̀ méjì péré ni,” ni Ìyá Kékeré wí. “Ọmọ mi, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Lo ọgbọ́n.”

Oníwáyà ní òun á rò ó. Kò rò ó fún Màmá. Ara rẹ̀ ló ń rò. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn tó báyìí rí. Ó jókòó sídìí jígí ńlá náà, ó ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ yẹn padà nínú ọkàn rẹ̀: sukudiráfà, súìṣì, orí wáyà, ọ̀dà. Ṣé ó yí i dópin, àbí súìṣì yọ̀ padà fúnra rẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ kò wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹ̀rín wà? Ìgbà mìíràn á dá a lójú, ìgbà mìíràn á ní bóyá lóòótọ́ ni. Iyèméjì yẹn dùn ún ju èébú Màmá lọ.

Oníjígí dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

“Ṣé o ò kàn lè bẹ̀ wọ́n ni? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

Oníwáyà gbé irin gbígbóná ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Tí ẹnì kan bá ní jígí tí o ṣe ló fọ́ òun lójú, tí irọ́ sì ni, ṣé wàá gbà kí bàbá mi lè fẹ́ràn ẹ?”

Oníjígí ń yí ìgò kútẹ́ẹ̀sì lórí tábìlì.

“Máa lọ sílé,” ni Oníwáyà wí. “Mi ò lé ẹ. Mo fẹ́ kí o lọ wá èsì ìbéèrè yẹn wá.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Oníwáyà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bàbá kò bi í ní nǹkan kan, àfìgbà tó rí i tó ń nu omijé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gba ẹ̀bi ohun tí mi ò ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí àlàáfíà lè wà. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ ládùúgbò, èmi ni wọ́n ń bi. Ìdí tí mo fi ra kútẹ́ẹ̀sì nìyẹn.” Ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Oníjígí wọlé. Ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní òun ti rí èsì ìbéèrè náà láti ọjọ́ kejì: òun ò ní gbà. Ojú ló ń ti òun láti wá sọ ọ́ lọ́wọ́ òfo. Ó yọ ìwé kékeré kan, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ jígí ńlá náà.

“Màmá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ sọ́jà, mo fi dígí kékeré tí mo fi ń wo ẹ̀yìn ìpéǹpéjú ènìyàn yọ́ sí abẹ́ aṣọ náà. Ohun tí mo rí ni mo yà síbí. Ìwọ lo lè sọ ohun tó túmọ̀ sí.”

Ó ti ya súìṣì náà dáadáa, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀: 110. Ó sì fi bírò pupa ya ọ̀dà náà. Ọ̀dà náà ti là sí méjì.

Oníwáyà wò ó títí omi fi bo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ti yí i padà. Kì í ṣe òun. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó di Oníjígí lọ́wọ́ mú láàárín àwọn oníbàárà, kò bìkítà. Lẹ́yìn náà ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé yẹn?

Ní Sátidé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé Màmá. Kò wọ aṣọ àlejò. Bàbá àti Oníjígí tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ìyá Kékeré rí wọn, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ti dé, ló bá sáré gbé tìmùtìmù sílẹ̀ níwájú àga Màmá kí orúnkún ọmọ má baà dùn ún. Oníwáyà kí wọn, ó sì dúró.

“Màmá, mo máa ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè kúnlẹ̀ fún irọ́, kódà bó bá jẹ́ pé ọmọ yín ni èrè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí aṣọ yẹn.”

Màmá ní kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ fún òun nínú ilé òun. Oníjígí kọjá lára ìyá rẹ̀, ó ṣí aṣọ náà, ó sì yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé. Bàbá tẹ jígí rẹ̀ mọ́ imú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó nàró. “Àádọ́fà,” ó wí. “Èdìdì ti fọ́.”

“Ta ló yí i?” ni Ìyá Kékeré béèrè. Ó wo Oníjígí, ó wo ara rẹ̀, ó wá rọra yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màmá ń wo ilẹ̀. Ìka rẹ̀ ń na aṣọ tábìlì náà bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Oníwáyà ti tò sílẹ̀ láti àná kún ẹnu rẹ̀. Ó lè sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tí ọṣẹ àti ooru ti jẹ, kò sì rí i sọ.

“Ẹni tó yí i mọ ara rẹ̀,” ó wí. “Mi ò wá mú ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ ẹni tí kì í ṣe. Èmi kọ́.”

Ó kí wọn, ó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Tìmùtìmù náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí Ìyá Kékeré gbé e sí.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Màmá sì yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì débẹ̀ rí. Oníjígí gbé ẹ̀rọ orin náà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn oníbàárà dìde pé kí Màmá jókòó, ó ní kí wọ́n jókòó sí àyè wọn.

“Ẹ tiẹ̀ ṣe é tí ẹ wà níbí. Níwájú èèyàn ni mo ti ba ọmọ yìí lórúkọ jẹ́, níwájú èèyàn ni mo fẹ́ sọ ọ́.” Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. “Ọwọ́ mi ló yí i. Mo rí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo ní kí ló dé tí yóò fi máa jẹ igba lé ogún, nígbà tó lè jẹ àádọ́fà? Èmi tí mo ń pa gílóòbù kiri ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wá yẹn ni mo mú ọ̀bẹ, mo yí i síbi tí mo rò pé owó iná máa fi kéré. Bó ṣe dún pòó báyìí ni mo ti mọ̀. Àwọn èèyàn ń wò mí. Ojú tì mí, mo wá gbé e lé ẹ lórí.”

Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà ní òun náà ì bá yí i síbẹ̀, bàbá sì fojú bá a wí.

Kò sẹ́ni tó ní kí Oníwáyà kúnlẹ̀. Ó ti ẹ̀yìn tábìlì jáde, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kún fún ègé wáyà, ó di ọwọ́ Màmá mú. Ó ní ẹ̀bi òun náà wà níbẹ̀, pé òun kò ṣàlàyé tó, pé òun rí i tí Màmá ń ka nọ́ńbà tí òun sì kánjú. Màmá ní kó dìde, wáyà á gún un.

Ó wá ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó yọ páálí kékeré kan. Áyọ́ọ̀nù ni, tuntun, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Ọjọ́ kan náà ló rà á pẹ̀lú ẹ̀rọ orin, lókè òkun, èyí tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń lọ aṣọ. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì de ọjọ́ ọdún, nígbà tí ẹ̀rọ orin sì jó, ẹ̀rù ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́.

“Èyí ńkọ́?” ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo wá nọ́ńbà méjì lára rẹ̀ títí, mi ò rí i, mo bá dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Oníwáyà gbé e sábẹ́ jígí ńlá. Àádọ́fà nìkan ni wọ́n kọ sí i. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí Màmá bá ti ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ì bá ti jóná. Òun á ṣe àpótí tiransifọ́mà kan fún un tó máa dín iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa wúwo, àmọ́ áyọ́ọ̀nù náà á gbóná bó ṣe yẹ.

“Kí o sì kán pupa yẹn sí i,” ni Màmá wí. “Kán an sí i dáadáa. Ọwọ́ mi ò dáa.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó wò yíká ṣọ́ọ̀bù: ẹrù tó wà lórí pẹpẹ, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

“Ta ló máa jókòó síbí?” ó béèrè.

Oníwáyà na ọrùn. Gbogbo ara rẹ̀ ti múra ìjà padà. “Màmá, mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù mi.”

“Mo gbọ́. Ṣé mo ní kí o tì í? Mo ní ta ló máa jókòó síbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí àwọn èèyàn yìí bá gbé ẹrù wọn wá?”

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n sókè. Ó ní kí wọ́n ṣáà tì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ayé ò ní parí.

Oníwáyà wo Oníjígí, Oníjígí wo òrùlé. Oníwáyà fa ẹ̀rọ orin náà sọ́dọ̀, ó mú sukudiráfà.

“Ìdajì ọjọ́ ni màá tì í,” ó wí, ó sì tú síkúrù àkọ́kọ́.